Wọ́n rí 0.03% nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi lẹ́yìn kímò: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Maryland ni à ń gbé. Wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AML lára ọkọ mi, ẹni ọdún 52. Wọ́n gba kímò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú oògùn midostaurin, dókítà sì ní àìsàn ti wọlẹ̀, pé mùdùnmúdùn egungun wọn ti mọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n á fi mùdùnmúdùn àbúrò wọn obìnrin rọ́pò tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò DNA, ìwé rẹ̀ sì dé pé wọ́n rí FLT3-ITD, 0.03%. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Ṣé ká sún ìpààrọ̀ náà síwájú ni? Bí ẹ̀jẹ̀ lásán bá lè sọ gbogbo èyí, kí ló dé tí wọ́n tún fẹ́ gún egungun ìdí wọn? Ọkọ mi ní bí ara bá ti yá, Ìbàdàn làwọn ń lọ, ẹ̀gbọ́n wọn sì ní wọ́n ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní Ifẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, mà. Ara ọkọ yín á yá o. Ìwé méjèèjì tó wà lọ́wọ́ yín ló sọ òótọ́. Ohun tí kálukú wọn wò ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí mùdùnmúdùn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí dókítà sọ pé ó ti mọ́, ohun tí wọ́n ń wí ni pé àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì tí kò gbó, èyí tó kún inú egungun ọkọ yín lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí àìsàn náà, kò tó 5 mọ́ nínú 100. Ènìyàn ló ń fi ojú kà wọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì bíi 500 ló sì máa ń kà. Bó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì burúkú kan ló ṣẹ́ kù láàárín 2,000, ó ṣeé ṣe kó má bá a pàdé rárá. Bó bá tiẹ̀ bá a pàdé, ojú rẹ̀ lè jọ ti ọmọ sẹ́ẹ̀lì tó dáa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lẹ́yìn kímò. Ẹ wá ro iye tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: nígbà tí AML bá ti fara hàn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nínú ara àgbàlagbà lè súnmọ́ tírílíọ̀nù kan. Bí oògùn bá pa 99 nínú 100 wọn, bílíọ̀nù mẹ́wàá ló ṣì kù, ojú tó wà lẹ́nu máíkírósíkóòpù á sì ní òun kò rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi dá ìtọ́jú dúró síbẹ̀.

Àyẹ̀wò DNA kì í wo ojú sẹ́ẹ̀lì. Àṣìkọ kan pàtó ló ń wá nínú DNA. FLT3 ni jíìnì tó ń pàṣẹ fún ọmọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pé kó máa pọ̀ sí i. Lára aláìsàn AML, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni apá kan jíìnì yìí ti tún ara rẹ̀ kọ, tí èkejì tẹ̀ lé èkíní, tí àṣẹ náà kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Àtúnkọ yẹn ni ITD. Ó lè jẹ́ lẹ́tà DNA mélòó kan péré, ó sì lè ju igba lọ. Gígùn rẹ̀ àti ibi tó bọ́ sí máa ń yàtọ̀ láti ara aláìsàn kan sí òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ gígùn yìí sọ́kàn, nítorí òun la ó fi mọ̀ bóyá èsì tí wọ́n fún yín ṣeé gbára lé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ bíi mílílítà 5 sí 10 láti apá. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó kò ní DNA nínú, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ fi omi oògùn fọ́ ọ dànù, wọ́n á wá yọ DNA inú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun. Wọ́n á wọn iye DNA tí wọ́n rí yọ. Wọ́n á fi ẹ̀rọ PCR ṣe ẹ̀dà apá FLT3 tí ITD máa ń wà, kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà DNA ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ yìí á ka ibì kan náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ìgbà, ètò kọ̀ǹpútà á sì ka iye ìgbà tí àtúnkọ náà yọjú. 0.03% túmọ̀ sí pé nínú ẹ̀dà FLT3 10,000, 3 ló ní àṣìkọ náà. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan ló sì sábà máa ń bàjẹ́, nítorí náà ẹ kà á sí bíi sẹ́ẹ̀lì 6 nínú 10,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn oníṣègùn mìíràn, kì í béèrè ìbéèrè tó yẹ ni iye DNA tí wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ. DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan wúwo tó píkógíráàmù 6.6. Máíkírógíráàmù 1 DNA jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì bíi 150,000. Bí ilé àyẹ̀wò bá lo nánógíráàmù 500, sẹ́ẹ̀lì bíi 75,000 ni wọ́n wò, ìyẹn ẹ̀dà jíìnì 150,000. Bí àìsàn bá wà níbẹ̀ ní 0.01%, ẹ̀dà burúkú 15 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, kò sì ní sá mọ́ wọn lójú. Ṣùgbọ́n ká ní nánógíráàmù 50 ni wọ́n lò, ẹ̀dà 15,000 péré ni. Àìsàn 0.01% kan náà yóò fún wọn ní ẹ̀dà burúkú kan àbọ̀ ní ìpíndọ́gba, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ 100, bíi 22 ni kò ní sí ẹ̀dà burúkú kankan nínú ohun tí wọ́n gbé sẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ náà ṣe dára tó kò lè tún èyí ṣe. Ẹni tó bu ife ìrẹsì kan nínú àpò, tí kò rí òkúta nínú rẹ̀, ife yẹn ló ṣà, kì í ṣe àpò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè rí sẹ́ẹ̀lì burúkú kan láàárín mílíọ̀nù kan, ẹ béèrè bóyá ó gbé DNA sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù mẹ́ta wọlé, ìyẹn bíi máíkírógíráàmù 20, nítorí iye tó nílò nìyẹn kó tó lè dá a lójú ní ìgbà 95 nínú 100.

Èyí kan àwa ọmọ Yorùbá lọ́nà kan tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ni kò ní àmì Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní sẹ́ẹ̀lì funfun neutrophil tó kéré sí ti òyìnbó láìsí àìsàn kankan. Lẹ́yìn kímò, ó tún máa ń lọ sílẹ̀ sí i. Nítorí náà, ìgò ẹ̀jẹ̀ kan tó tó fún ẹlòmíràn lè má tó fún ọkọ yín. Ẹ ní kí wọ́n gba ìgò méjì bí sẹ́ẹ̀lì funfun wọn bá kéré. Bí dókítà kan bá sì ń ṣiyèméjì pé àìsàn kò tíì wọlẹ̀ dáadáa nítorí neutrophil tó rọra ń gòkè, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò Duffy, kí wọ́n sì wo iye tí ọkọ yín ní kí àìsàn tó dé.

Ní báyìí, kí ni 0.03% yẹn ń sọ nípa ọjọ́ iwájú? Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìwé ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde tó kan ọ̀rọ̀ yín gan-an. National Heart, Lung, and Blood Institute ní Bethesda, ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé, ló ṣe é pẹ̀lú CIBMTR, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó gba mùdùnmúdùn ní Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà 1,075 ni wọ́n wò, gbogbo wọn ni AML wọn ti wọlẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn pamọ́ kí wọ́n tó ṣe ìpààrọ̀. Wọ́n ka DNA inú ẹ̀jẹ̀ náà. Lára àwọn tó ní FLT3-ITD tàbí àṣìkọ inú jíìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní NPM1 nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, bíi 17 nínú 100 ló ṣì ní in nínú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ti ní àìsàn wọlẹ̀. Lára àwọn 17 wọ̀nyí, láàárín ọdún mẹ́ta, àìsàn padà sára bíi 68 nínú 100. Lára àwọn tí wọn kò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, 21 ni. Ẹni tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta jẹ́ 39 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, 63 lára àwọn tí wọn kò rí i.

Mo mọ̀ pé iye yìí wúwo, mà, n kò sì fẹ́ bò ó mọ́ yín lójú. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa. Àwọn tó gba mùdùnmúdùn láàárín 2013 sí 2019 ni wọ́n wò. Ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí midostaurin, oògùn tó ń dí FLT3 lọ́wọ́, gilteritinib tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sì tẹ̀ lé e ní 2018, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí oògùn FLT3 lò. Yàtọ̀ sí èyí, kódà lára àwọn tí wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni àìsàn kò padà sí lára. Èsì ọkọ yín kì í ṣe ìdájọ́. Ó ń fi ibi tí ewu wà hàn nígbà tí ó ṣì kéré, tí ọwọ́ ṣì lè ká a.

Kí ni ọwọ́ lè ṣe sí i? Ohun àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe máa pa mùdùnmúdùn àtijọ́ kí wọ́n tó fún wọn ní tuntun. Ọ̀nà méjì ló wà: oògùn líle tó ń pa á run pátápátá, àti èyí tó rọlẹ̀ tó wà fún àwọn tí ara wọn kò lè gba líle. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, BMT CTN 0901, ti pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjèèjì nípa ṣíṣẹ́ gègé. Nígbà tó yá, wọ́n ka DNA inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wọn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Lára àwọn AML tí àṣìkọ ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àìsàn padà láàárín ọdún mẹ́ta sára 67 nínú 100 àwọn tó gba oògùn tó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n 19 péré nínú àwọn tó gba líle. Lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ tí ẹ máa bi dókítà lọ́sẹ̀ yìí ni: oògùn líle ni àbí èyí tó rọlẹ̀, kí ló sì fà á? Ẹni ọdún 52 tí ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ dára lè gba líle. Bí wọ́n bá ní wọn kò lè gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí oògùn líle náà máa ń pa ènìyàn, dókítà tó rí ọkọ yín sójú ló sì lè wọn ewu méjèèjì.

Ohun kejì ni gilteritinib lẹ́yìn ìpààrọ̀. Ìwádìí MORPHO gba ènìyàn 356 tó ní FLT3-ITD: ìdajì wọn bẹ̀rẹ̀ oògùn náà láàárín ọjọ́ 30 sí 90 lẹ́yìn ìpààrọ̀, ìdajì yòókù gba èyí tí kò ní oògùn nínú, wọ́n sì lò ó fún ọdún méjì. Bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, ìyàtọ̀ tó wà kò tó láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí wọ́n rí àṣẹ́kù ITD nínú mùdùnmúdùn wọn kí wọ́n tó ṣe ìpààrọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, oògùn náà ṣiṣẹ́ gidi. Ọkọ yín wà lára irú àwọn wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oògùn yìí wà nínú ètò wọn láti ìsinsìnyí, nítorí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera lè fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ rò ó kó tó gbà láti san owó rẹ̀.

Ní ti kí ẹ sún un síwájú, èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí èsì yìí nìkan. Àìsàn tó wà ní 0.03% lónìí kì í dúró sójú kan. FLT3-ITD máa ń sáré. Kò tíì sí ìwádìí tó fi hàn kedere pé kímò àfikún kí wọ́n tó ṣe ìpààrọ̀ yóò ran irú aláìsàn yìí lọ́wọ́, kímò náà sì lè mú àìsàn àkóràn wá tí yóò ba gbogbo ètò jẹ́. Àyẹ̀wò kejì láti fìdí èsì náà múlẹ̀ dára, a sì lè ṣe é nígbà tí ètò ìpààrọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Kò yẹ kó dá a dúró.

Kí ẹ tó gba èsì náà gbọ́ tán, ẹ fi ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí àìsàn náà, àti èyí tó dé yìí. Ẹ wo gígùn ITD. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ lẹ́tà 48, tí ti ìsinsìnyí náà jẹ́ 48 níbì kan náà, àìsàn ọkọ yín ni lóòótọ́. Bí ti ìsinsìnyí bá jẹ́ 27, ẹ béèrè. Ó lè jẹ́ ẹ̀ka mìíràn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò pọ̀, ó sì lè jẹ́ DNA aláìsàn mìíràn ló ta sí i. Ìtasí yìí máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò aláìsàn tuntun, tí àṣìkọ kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọ́fọ́, pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò àṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀kán kékeré kan ti tó láti gbé 0.03% jáde. Ilé àyẹ̀wò tó mọṣẹ́ máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì máa ń fi omi tí kò ní DNA sáàárín wọn. Bí omi yẹn bá mú èsì wá, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà di àtúnṣe. Àǹfààní ITD ni pé ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, a lè tètè rí irú àṣìṣe yìí. NPM1 kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan bí mẹ́ta nínú aláìsàn mẹ́rin tó ní in ló ní lẹ́tà mẹ́rin kan náà, TCTG, níbì kan náà.

Èsì tó ní kò sí nǹkan kan náà lè ṣìnà, ó sì máa ń ṣìnà ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ṣì ń wọn FLT3 pẹ̀lú ọ̀nà àtijọ́ tó ń wo gígùn ẹ̀dà PCR lásán. Ọ̀nà yẹn dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í sábà rí ohun tó bá kéré sí 1%. Bí wọ́n bá lò ó fún ọkọ yín lọ́jọ́ iwájú, tí ìwé rẹ̀ ní kò sí, ìwé náà kò tíì sọ ohunkóhun nípa 0.03%. Ìdí rẹ̀ rèé tí ìwé èsì fi gbọ́dọ̀ sọ òpin ohun tí àyẹ̀wò náà lè rí. Lọ́nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ITD tó bá gùn púpọ̀ máa ń nira: PCR fẹ́ràn láti ṣe ẹ̀dà èyí tó kúrú, ètò kọ̀ǹpútà sì lè kà á sí pàǹtírí bí wọn kò bá lo èyí tí wọ́n ṣe fún ITD. Ìgò náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Olómorí elésè àlùkò, tí EDTA wà nínú rẹ̀, ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Heparin tó wà nínú olómorí aláwọ̀ ewé máa ń dí PCR lọ́wọ́. Gbàrà tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ náà tán, kí wọ́n rọra dojú ìgò dé, kí wọ́n tún dá a padà, bíi ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá dì ti gbé sẹ́ẹ̀lì mì.

Ó tún ku ọ̀kan. Bí ìwé yín bá ní àwọn orúkọ DNMT3A, TET2 tàbí ASXL1, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè. Àwọn àṣìkọ yìí máa ń bá ọjọ́ orí wá, wọ́n sì lè dúró nínú sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe jẹjẹrẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí AML ti lọ. Àwọn amòye European LeukemiaNet, nínú ìlànà wọn ti 2021, ní kí a má ka àwọn mẹ́ta yìí sí àṣẹ́kù àìsàn. Lẹ́yìn ìpààrọ̀, wọ́n lè jẹ́ ti àbúrò ọkọ yín tó fún wọn ní mùdùnmúdùn.

Ẹ wá béèrè ìdí tí wọ́n fi tún fẹ́ gún egungun. Nínú AML, ohun tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti inú mùdùnmúdùn, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ní ó wà, ó wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ní kò sí, mùdùnmúdùn ṣì lè ní òmíràn láti sọ. Egungun náà ló tún máa fi hàn bóyá kírómósómù ti yí padà, àti bóyá sẹ́ẹ̀lì tuntun ń hù dáadáa. Èyí tó tún ṣe kókó ni pé FLT3-ITD jẹ́ àṣìkọ tó máa ń dé lẹ́yìn àwọn yòókù. Àìsàn lè padà láì ní in nínú mọ́. Nítorí náà, bí ọkọ yín bá ní NPM1 pẹ̀lú, òun ni kí ẹ gbára lé jù, torí kì í sábà sọnù bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní in. Ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ á sọ ọ́. Fún NPM1, ìlànà 2021 yẹn gbà kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tàbí mùdùnmúdùn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, fún oṣù 24 lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí. Bí èsì tó ti mọ́ bá yí padà, tàbí tó bá fi ìlọ́po mẹ́wàá gòkè, wọ́n á gba òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, dókítà lè dín oògùn tó ń dẹwọ́ ọmọ ogun ara kù, tàbí kí wọ́n fún ọkọ yín ní sẹ́ẹ̀lì funfun àbúrò wọn kún un, kí àìsàn tó fi ojú hàn.

Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ jẹ́ òótọ́ lápá kan. Ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti ń fún àwọn aláìsàn CML, oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ní oògùn imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àyẹ̀wò BCR-ABL tí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni ẹ̀gbọ́n gbọ́. CML kì í ṣe AML. Àyẹ̀wò BCR-ABL ń wo RNA (ẹ̀dà àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ láti inú DNA) ti jíìnì mìíràn. Kò lè rí FLT3-ITD ọkọ yín láéláé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì fi ọkàn balẹ̀ nítorí pé ó mọ́.

Ní ti ìrìn àjò, dókítà tó ṣe ìpààrọ̀ ló máa sọ ìgbà tó yẹ. Ọdún àkọ́kọ́ ni àìsàn sábà máa ń padà, òun náà ni ọmọ ogun ara máa ń rẹlẹ̀ jù, tí ibà àti àkóràn sì léwu. Bí wọ́n bá gbà kí wọ́n lọ, àyẹ̀wò DNA ṣeé ṣe láti Ìbàdàn, nítorí DNA kì í tètè bàjẹ́ bíi RNA. Bí wọ́n bá fẹ́ fi odindi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́, kó wà nínú ìgò EDTA, kí wọ́n má gbé e sínú firísà rárá, kó sì dé ilé àyẹ̀wò láàárín ọjọ́ méjì bó bá ṣeé ṣe. Ooru inú ọkọ̀ tí wọ́n pa sí oòrùn lójú ọ̀nà Èkó lè bà á jẹ́ ní wákàtí mélòó kan. Ọ̀nà tó dájú ju èyí lọ ni kí ilé àyẹ̀wò kan nítòsí yọ DNA náà, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ ní máíkírógíráàmù sí ara ìgò, kí wọ́n wá fi DNA ránṣẹ́. DNA tó ti mọ́ lè wà ní −20°C fún ọdún púpọ̀, ó sì lè rìn ọjọ́ mélòó kan láìsí yìnyín. Ìlànà àgbáyé fún fífi ẹ̀jẹ̀ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, UN3373, ni kí wọ́n fi dì í: ìgò tí kò jò, àpò kejì tí ohun tó ń fa omi wà nínú rẹ̀, àti páálí líle lóde. Kí wọ́n tó kúrò ní Maryland, ẹ gba ẹ̀dà ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ní gígùn ITD àti ibi tó wà gan-an, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé àyẹ̀wò tó ṣe èyí tó dé yìí láti mọ̀ bóyá wọ́n máa ń gba DNA tí wọ́n yọ níbòmíràn. Ilé àyẹ̀wò kan náà, ọ̀nà kan náà, iye DNA kan náà ló lè jẹ́ kí ẹ fi èsì oṣù mẹ́fà òní wé ti ìsinsìnyí.